Orín Àárọ̀: Oje Igi àti Kòkòrò Inú Ẹnu

Àwọn àgbà a máa sọ pé òògùn tí a kò bá fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Bí ọ̀rọ̀ orín ti rí láàrin wa nìyí. Nítorí pé owó kékeré ni a fi ń rà á, tí àwọn ìyá wa sì ń tà á ní ìdì-ìdì lẹ́bàá ọ̀nà ọjà, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti kàwé ni ó ti sọ ọ́ sí ẹ̀yìn ààrò. Lójú wọn, ohun èlò ará oko ni. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ wà tí wọ́n ń pọ́n orín kọjá bí ó ti yẹ. Wọ́n ní kò sí àrùn ẹnu tí kò lè wò, wọ́n ní ẹni tí ó bá ń rún un kò ní ohun kan í ṣe lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín láyé. Ní tèmi o, apá méjèèjì ni kò ṣe ẹ̀tọ́ fún orín. Ẹni tí ó kẹ́gàn rẹ̀ kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó yìn ín ní àyìnjù kò mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àròkọ yìí ni pé kí n ṣàlàyé irú kòkòrò tí ń ba ẹnu jẹ́, bí oje igi ti ń bá a jà, bí àwọn onímọ̀ ti ń dán oje náà wò, àti ohun tí ìdánwò wọn fi hàn àti èyí tí kò fi hàn.

Mo jẹ́wọ́ pé èmi náà ti wà lára àwọn tí ń tijú orín rí. Nígbà tí mo ń lọ sí òkè òkun láti kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé, ìyá mi di ìdì orín àtà kan sínú ẹrù mi. Ìsàlẹ̀ àpótí ni mo tì í sí, n kò sì jẹ́ kí ẹni tí a jọ ń gbé yàrá rí i. Ní ọjọ́ kan, mo wà nínú ilé ìkàwé, mo ń wá nǹkan mìíràn, ni mo bá ṣí ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ òògùn kan tí a tẹ̀ ní 1971. Iṣẹ́ àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ lórí oje orín ilẹ̀ wa ni mo bá pàdé níbẹ̀. Igi tí mo fi pamọ́ nítorí ìtìjú ni àwọn àgbà onímọ̀ ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tí gbogbo ayé ń kà, kí a tó bí mi rárá. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tú ìdì orín ìyá mi.

Àwọn igi tí a fi ń ṣe orín

Orín ni àwọn kan ń pè é, pákò ni àwọn mìíràn ń pè é. Kì í ṣe gbogbo igi ni a fi ń rún lẹ́nu. Àwọn bàbá wa ti ṣa igi lẹ́ṣà, wọ́n ti mọ èyí tí ó rọ̀ tí kì í gún ẹran ìdí eyín, èyí tí ó ní oje, àti èyí tí ó ní májèlé.

Èkíní ni orín àtà. Gbòǹgbò igi àtà ni, igi tí ó ní ẹ̀gún lára, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Zanthoxylum zanthoxyloides, tí wọ́n sì ti ń pè ní Fagara tẹ́lẹ̀ rí. Bí a bá ń rún un, a máa ta ahọ́n, lẹ́yìn náà ni ahọ́n àti ètè yóò dà bí ẹni pé wọ́n kú díẹ̀. Èkejì ni pákò Ìjẹ̀bú, èyí tí í ṣe igi Massularia acuminata, igi inú ẹgàn. Ẹ̀kẹta ni àyin, igi ọ̀dàn, tí wọ́n mọ̀ sí Anogeissus leiocarpus. Oje rẹ̀ a máa pọ́n díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu bí a ti ń rún un. A tún ń fi igi ewúro ṣe orín, a sì ń fi igi orógbó ṣe é. Dóńgóyárò pàápàá, tí í ṣe àlejò láàrin wa, ti di ọ̀kan nínú wọn. Ilẹ̀ Éṣíà ni igi náà ti wá. Orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti Hausa, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọmọkùnrin gíga.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a ní àṣà yìí. Àwọn Lárúbáwá ní igi tiwọn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Salvadora persica, òun sì ni àwọn Mùsùlùmí ń lò jùlọ láti fi fọ ẹnu kí wọ́n tó kírun. Ohun kan náà ni ó mú gbogbo àwọn ènìyàn wọ̀nyí lọ sí ìdí igi: ẹnu tí a kò bá fọ̀ a máa rùn, eyín tí a kò bá sì tọ́jú a máa bàjẹ́. Ní ilé Yorùbá, ọmọ tí a bá tọ́ dáadáa kì í jí kí ó lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ láìfọ ẹnu. Àgbà a sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà ní òwúrọ̀, orín a wà ní igun ẹnu rẹ̀, a máa rún un bí ó ti ń kí àwọn tí ń lọ sí oko, títí oòrùn yóò fi yọ. Kí ẹ fi ọ̀rọ̀ jíjókòó pẹ́ yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà bá a.

Kòkòrò tí ń jẹ eyín

Bí eyín ẹnì kan bá ń lu ihò, Yorùbá a sọ pé kòkòrò ń jẹ ẹ́ ní eyín. Ní ayé àtijọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní lọ́kàn ni kòkòrò tí ó dà bí aràn, tí ń gbé inú ihò eyín. Èrò yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Àwọn ará Bábílónì ìgbàanì náà gbà pé aràn ní í jẹ eyín. Aràn kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi èyí rẹ́rìn-ín ìyá àgbà yóò ṣe àṣìṣe, nítorí kòkòrò wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Ojú lásán ni kò lè rí wọn.

Ní 1683, ọkùnrin ará Họ́láǹdì kan, Antonie van Leeuwenhoek ti ìlú Delft, ha ẹ̀gbin funfun tí ó wà láàrin eyín ara rẹ̀, ó sì fi dígí tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, wò ó. Ó rí àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tí ń rìn kiri nínú rẹ̀, ó sì kọ̀wé nípa wọn sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ju 200 ọdún lọ lẹ́yìn èyí kí a tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ní 1890 ni W. D. Miller, ará Amẹ́ríkà tí ń ṣiṣẹ́ ní Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, tẹ ìwé ńlá kan jáde, tí ó fi ṣàlàyé pé àwọn kòkòrò inú ẹnu a máa sọ oúnjẹ tí ó kù lára eyín di ásíìdì, ásíìdì yìí ni í sì í jẹ eyín. Ní 1924, oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, J. Kilian Clarke, rí ọ̀kan pàtó nínú wọn nínú eyín tí ó bàjẹ́, ó sì sọ ọ́ ní Streptococcus mutans.

Bí iṣẹ́ ìbàjẹ́ náà ti ń lọ nìyí. Kòkòrò wọ̀nyí, tí a tún ń pè ní bakitéríà, a máa kó ara wọn jọ sí ara eyín. Wọn a fi ṣúgà tí a jẹ ṣe ohun kan tí ó ń yọ̀ bí ilá, tí ó sì ń lẹ̀ bí àtè, wọn a sì fara pamọ́ sínú rẹ̀. Èyí ni ẹ̀gbin rírọ̀ tí ahọ́n wa máa ń bá lára eyín ní òwúrọ̀. Bí a bá jẹ ohun dídùn, kò ní pẹ́ rárá tí wọn yóò fi sọ ọ́ di ásíìdì. Bí ìwọ̀n pH ibẹ̀ bá sọ̀kalẹ̀ kọjá nǹkan bí 5.5, ìkarahun funfun líle tí ó bo eyín yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Itọ́ ni ó máa ń gbèjà eyín: yóò fọ ásíìdì náà dànù, yóò sì dá díẹ̀ padà nínú ohun tí eyín sọ nù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìtúnṣe yìí a máa gba nǹkan bí ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ń lá ohun dídùn ní gbogbo ìgbà kò fún itọ́ láyè láti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ihò yóò fi là.

Àrùn kejì jẹ́ ti ẹran ìdí eyín. Àwọn kòkòrò mìíràn wà tí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́, tí wọ́n ń gbé inú kòtò tí ó wà láàrin eyín àti ẹran. Olórí nínú wọn ni Porphyromonas gingivalis. Nítorí wọn ni ẹran náà ṣe ń wú, tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ẹnu ń rùn. Bí a kò bá tètè mójú tó o, egungun tí ó di eyín mú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, eyín tí kò tilẹ̀ ní ihò kankan yóò sì máa mì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ọjọ́ ogbó ló ń yọ eyín àgbàlagbà, nígbà tí ó jẹ́ pé àrùn yìí ni.

Ọ̀nà mẹ́ta tí orín ń gbà ṣiṣẹ́

Ọ̀nà kíní ni ọwọ́. Bí a bá rún ẹnu orín, a máa fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ìgbálẹ̀ kékeré. Òwú igi yìí ni a fi ń gbá ẹ̀gbin kúrò lára eyín. Bí igi náà kò tilẹ̀ ní oje kankan, gbígbá yìí nìkan jẹ́ iṣẹ́ ńlá, nítorí kòkòrò tí a ti gbá kúrò ní ibùdó rẹ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ọ̀nà kejì ni itọ́. Ohun kíkorò àti ohun tí ń ta ẹnu a máa mú kí itọ́ sun. Ẹni tí ó bá ń rún àtà tàbí ewúro mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ a máa kún, tí yóò sì máa tutọ́. Èyí kì í ṣe ohun tí a ń fara dà nìkan. Apá kan nínú iṣẹ́ orín ni, nítorí a ti rí i pé itọ́ ni olùgbèjà eyín. Jíjókòó pẹ́ tí àgbà jókòó pẹ́ ní ẹnu ọ̀nà kò jẹ́ lásán, nítorí pé ní gbogbo àkókò náà ni itọ́ ń fọ ẹnu rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni oje, èyí tí ó jẹ́ kókó ọ̀rọ̀ wa. Kí ló dé tí oje igi fi lè pa kòkòrò? Ìdí rẹ̀ ni pé igi kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi sá. Ibi tí a bí i sí ni yóò gbé bá olú, bakitéríà àti kòkòrò ajẹgi jà. Nítorí náà ni ó fi ń pọn ohun ìjà sínú gbòǹgbò, èèpo àti ewé ara rẹ̀. Ohun ìjà tirẹ̀ ni àwa ń yá lò ní òwúrọ̀.

Nínú gbòǹgbò àtà, irú ohun ìjà tí à ń pè ní álíkálọ́ìdì wà. Ní 1979, O. O. Odebiyi àti E. A. Sofowora tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn álíkálọ́ìdì tí ń pa kòkòrò nínú orín náà; lára wọn ni berberine àti chelerythrine. Berberine a máa wọ inú kòkòrò, a sì máa dí i lọ́wọ́ láti pín sí méjì, èyí tí í ṣe ọ̀nà tí bakitéríà ń gbà bí sí i. Nínú àyin ẹ̀wẹ̀, táníìnì ni ó pọ̀. Táníìnì ni ohun tí ń mú kí ẹnu dà bí ẹni pé ó ń súnkì bí a bá jẹ ohun tí kò pọ́n. Irú rẹ̀ ni àwọn tí ń ṣe awọ ẹran fi ń mú awọ le kí ó má baà rà. Bí ó ti ń di awọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ń di ara kòkòrò mú, tí kò fi ní lè lẹ̀ mọ́ eyín dáadáa mọ́.

Bí a ti ń dán oje wò

Ó tọ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè pàápàá mọ bí a ti ń ṣe ìdánwò yìí, kí wọ́n má baà gba ohun gbogbo tí wọ́n bá gbọ́ gbọ́. A óò sá orín gbẹ, a óò lọ̀ ọ́ kúnná, a óò rẹ ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú omi tàbí ọtí líle, a óò sì sẹ́ oje rẹ̀. A ó wá se ohun kan tí ń dì bí ẹ̀kọ, a ó dà á sínú àwo dígí pẹlẹbẹ, a ó sì gbin kòkòrò inú ẹnu sórí rẹ̀. A ó gbẹ́ ihò kékeré sáàrin rẹ̀, a ó da oje sínú ihò náà, a ó gbé àwo náà sí ibi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, kòkòrò yóò ti bo gbogbo ojú àwo náà. Ṣùgbọ́n bí oje náà bá lágbára, àyíká ihò náà yóò mọ́ gaara bí ojú ọ̀run, kòkòrò kankan kò ní hù níbẹ̀. Bí àyíká mímọ́ yìí bá ti fẹ̀ tó ni a fi ń mọ bí oje ti lágbára sí.

Iṣẹ́ Ifẹ̀ ti 1971 ni mo ti mẹ́nu kàn. El-Said, Fadulu, Kuye àti Sofowora ni wọ́n ṣe é, wọ́n sì fi hàn pé oje àwọn orín ilẹ̀ wa ní agbára lórí kòkòrò. Ní 1988, Rotimi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí mìíràn jáde, nínú èyí tí wọ́n fi oje orín Nàìjíríà dojú kọ àwọn kòkòrò ẹran ìdí eyín gan-an, wọ́n sì rí i pé oje lè dá wọn dúró. Ní 1986, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gba àwọn ènìyàn níyànjú láti máa lo orín ní ibi tí ó bá ti jẹ́ àṣà wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ pé kò sí nǹkan kan nínú orín, ẹ sọ fún un pé ó ti pẹ́ tí a ti dáhùn ọ̀rọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀. Àlàfo mẹ́ta ni ó wà láàrin àwo dígí àti ẹnu ènìyàn. Àlàfo kíní ni ti ọtí líle. Ọtí líle a máa fa ọ̀pọ̀ ohun jáde lára igi tí omi kò lè fà. Bí oje tí a fi ọtí fà bá pa kòkòrò, a kò tíì mọ ohun tí itọ́ yóò rí fà, nítorí itọ́ kì í ṣe ọtí. Ìdí nìyí tí ìwádìí tí a fi omi ṣe fi sún mọ́ ẹnu ju ti ọtí lọ. Àlàfo kejì ni ti ibùgbé kòkòrò. Èyí tí a gbìn sínú àwo wà ní gbangba. Èyí tí ó wà lára eyín wà nínú àtè rẹ̀, bí ọmọ ogun tí ó wà lẹ́yìn odi ìlú, òògùn tí yóò sì pa á níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lágbára ní ìlọ́po-ìlọ́po. Àlàfo kẹta ni ti àkókò. Inú àwo ni oje ń gbé ní ọ̀sán àti òru. Ní ẹnu, itọ́ a máa fọ̀ ọ́ lọ láìpẹ́.

Nígbà náà, ara ènìyàn ni a ó ti rí òótọ́ ọ̀rọ̀. Ìwádìí lára ènìyàn kò sì pọ̀ tó èyí tí a ṣe nínú àwo. Nínú àwọn tí ó wà, àwọn kan fi hàn pé ẹni tí a kọ́ ní bí a ti ń lo orín dáadáa lè mọ́ eyín tó ẹni tí ń lo búrọ́ọ̀ṣì. Àwọn mìíràn kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí àpérò àwọn onímọ̀ ní 2000 fi sọ pé ó yẹ kí a tún wádìí sí i. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀: wọn kò ta orín nù, wọn kò sì fi í jọba.

Gbòǹgbò àtà kan náà tún kọ́ wa ní irú ẹ̀kọ́ yìí. Ní 1971 kan náà, Sofowora àti Isaacs kọ ọ́ pé oje rẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó ti tẹ̀ bí dòjé nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde padà sí bí ó ti yẹ nínú ìgò ìdánwò. Ohun ìyanu ni, ó sì ti bí ọ̀pọ̀ ìwádìí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láti inú ìgò dé inú iṣan ènìyàn. Kò sì yẹ kí òbí tí ọmọ rẹ̀ ní àrùn náà torí pé ó gbọ́ ìròyìn yìí, kí ó gbé ọmọ kúrò lọ́wọ́ dókítà.

Ibi tí agbára orín mọ

Ìṣọ́ra ni iṣẹ́ orín, kì í ṣe ìwòsàn. Olùṣọ́ tí ń ṣọ́ ilé kí olè má wọ̀ ni; kì í ṣe bíríkìlà tí yóò tún ògiri tí olè ti dá lu mọ. Ihò tí ó ti là nínú eyín, kò sí oje igi tí yóò dí i. Bí eyín bá ń ro ènìyàn lóru, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, bí ọyún bá wà níbẹ̀ tàbí tí ibà bá tẹ̀ lé e, ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín ni kí a kọrí sí. Bí ọmọ kékeré tí kò jẹun kánú bá ní egbò ní ìdí eyín, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ń wú kíákíá, ẹ má fi ọjọ́ kan ṣòfò pẹ̀lú àgbo. Ó lè jẹ́ noma, àrùn tí ń jẹ ojú ọmọ lọ láàrin ọjọ́ díẹ̀, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fi kún àkójọ àwọn àrùn tí ayé pa tì ní ìparí ọdún 2023. Bí a bá tètè gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn, òògùn wà tí ó lè dá a dúró.

Ohun kan tún wà tí àwọn tí ń yin orín kì í rántí. A máa ń sọ pé bàbá àgbà kò lo búrọ́ọ̀ṣì rí, síbẹ̀ eyín rẹ̀ pé. Òótọ́ lè ni. Ṣùgbọ́n kí ni bàbá àgbà jẹ? Ẹ̀kọ, iṣu, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ni. Bí ó bá jẹ ohun dídùn, oyin ìgbà dé ìgbà ni, tàbí ìrèké tí ó fi eyín bó. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń mu tíì oníṣúgà ní òwúrọ̀, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní ọ̀sán, ó sì ń jẹ bisikíìtì láàrin méjèèjì. Ogun tí orín bàbá àgbà bá jà kò tó ìdajì èyí tí a kó wá bá orín tòní. Bí a bá fẹ́ kí orín ṣe fún wa bí ó ti ṣe fún wọn, àfi kí a dín ṣúgà kù.

Bí ó ti yẹ kí a lò ó

Kí a ra orín tútù tí kò hu olú, kí a sì fi omi fọ̀ ọ́. Kí a rún ẹnu rẹ̀ títí yóò fi rọ̀ kí a tó fi kan eyín. Láti ìdí eyín ni kí a ti máa fà á wá sí ẹnu eyín, níta àti nínú. Kí a má ṣe máa fi agbára gbo ó lọ gbo ó bọ̀, nítorí ẹni tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ yóò mú kí ẹran ìdí eyín sún sókè, gbòǹgbò eyín yóò sì yọ sí ìta. Eyín iwájú ni ọ̀pọ̀ ń fi orín gbò jùlọ, nígbà tí ó jẹ́ pé eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó wà lẹ́yìn ni ihò máa ń tètè là. Ẹ jẹ́ kí orín dé ibẹ̀. Bí òwú ẹnu rẹ̀ bá ti gbó, kí a gé e sọ nù, kí a rún òmíràn. Ẹni méjì kì í sì í rún orín kan.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe gé igi tí kò mọ̀ sẹ́nu. Igi asófẹ́yẹjẹ, fún àpẹẹrẹ, ní reserpine nínú, òògùn tí ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Agbára rẹ̀ kì í ṣe ohun eré. Rírún orín kí a sì tu oje rẹ̀ dànù yàtọ̀ pátápátá sí sísè é ní àsèmu.

Ní ti ọṣẹ ìfọyín, èyí tí ó ní fluoride nínú ń ṣe iṣẹ́ kan tí a kò lè gbára lé oje orín wa fún: ó ń mú kí ìkarahun eyín le sí i, kí ásíìdì má tètè jẹ ẹ́. Nítorí náà, n kò rí ìdí tí orín àti búrọ́ọ̀ṣì yóò fi máa jà. Ẹni tí ó bá rún orín ní òwúrọ̀, tí ó sì fi ọṣẹ onífluoride fọ eyín ní alẹ́ kí ó tó sùn, ó ti jèrè ilé, ó jèrè oko.

Igi ń tán, orúkọ ń tán

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún àwa tí a jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ yìí. Igi tí a bá gé ẹ̀ka rẹ̀ yóò tún rúwé. Èyí tí a bá hú gbòǹgbò rẹ̀, bí a ti ń ṣe sí àtà, kò dájú pé yóò yè. Orógbó ti wà nínú àkójọ àwọn igi tí ewu ń bọ̀ wá bá ní ayé, nítorí pé à ń jẹ èso rẹ̀, à ń bó èèpo rẹ̀, à ń gé igi rẹ̀ àti gbòǹgbò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀nba ni àwọn tí ń gbìn ín. Ẹni tí ó bá ń yin orín tí kò gbin igi, ẹnu lásán ni ó fi ń yìn ín.

Bí igi ti ń tán ni orúkọ ń tán. Orúkọ kan lè jẹ́ ti igi méjì láàrin ìlú méjì. Igi kan náà sì lè ní orúkọ mẹ́ta. Ìdí nìyí tí ẹni tí ń ṣe ìwádìí oje fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ẹ̀ka àti ewé lọ sí ilé ìpamọ́ ewéko, irú èyí tí ó wà ní Ìbàdàn, kí wọ́n bá a dá igi náà mọ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn kò ní lè tún ìdánwò rẹ̀ ṣe, gbogbo làálàá rẹ̀ yóò sì di òfo. Pierre Verger ti ṣa ọ̀pọ̀ orúkọ ewé Yorùbá jọ sínú ìwé rẹ̀, Ewé, tí ó jáde ní 1995, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣì kù rẹpẹtẹ. Oníkẹ́mísìrì lè sọ ohun tí ó wà nínú oje; àwa ni a ó sọ ohun tí àwọn ará Èkìtì, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú tàbí Kétu ń pe igi rẹ̀, apá wo ni wọ́n ń lò lára rẹ̀, àti èyí tí wọ́n sọ pé kí a má ṣe fi sẹ́nu. Nígbà tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ sí ilé ní ìsinmi, ẹ jókòó ti ìyá àgbà tí ń ta orín, ẹ bèèrè orúkọ igi kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, ẹ sì béèrè ẹ̀ka àti ewé rẹ̀ mú bọ̀.

Òògùn tí a kò bá fi owó ṣe ni í gbé ẹ̀yìn ààrò. Ṣùgbọ́n orín kì í ṣe òògùn ọ̀fẹ́ rárá. Àwọn tí ó ṣa igi náà lẹ́ṣà fún wa ti fi ojú wọn, ahọ́n wọn àti eyín wọn san owó rẹ̀. Tiwa ni pé kí a gbọn eérú ẹ̀yìn ààrò kúrò lára rẹ̀, kí a mọ iye tí ó tó, kí a má dín in, kí a má sì bù kún un.